Ọmọbìnrin Tí Ó Fẹ́ Ka Ìṣirò ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì Kékeré



Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀h kan ní Ṣakí, ìyá kan dúró dè mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí a ti ń ṣe àlùwàlá. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Àlùfáà, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn." Ọmọ rẹ̀ obìnrin ti jáde iléèwé girama. Ó yege dáadáa nínú ìṣirò, físíìsì àti kẹ́mísìrì, ó sì ní òun fẹ́ gba dìgírì nínú ìṣirò. Yunifásítì ńlá tí ó kọ́kọ́ yàn kò gbà á. Kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré kan ni ó fún un láyè. Ni àwọn ẹbí bàbá ọmọ bá jókòó, wọ́n ní ohun mẹ́ta. Èkíní, wọ́n ní ìṣirò kì í ṣe iṣẹ́ obìnrin. Èkejì, wọ́n ní dìgírì tí ó bá ti ọwọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré wá, ìwé lásán ni. Ẹ̀kẹta, wọ́n ní ọmọ náà ti tó ilé ọkọ, kí wọ́n má fi owó ṣòfò.

Ìyá náà wá wí pé, "Ẹ̀yin ni ẹ máa ń bá wa pín ogún, ẹ̀yin ni ẹ mọ ìṣirò. Kí ni kí n ṣe?"

Èmi tí mo jẹ́ akọ̀wé mọ́ṣáláṣí, iléèwé kéwú àti iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nìkan ni mo lọ. N kò lè dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀. Mo ní kí ó fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan kí n wádìí. Ohun tí mo sọ fún un ní Jímọ̀h kejì ni mo ń kọ síhìn-ín, nítorí mo mọ̀ pé ọ̀ràn náà kò mọ sí ilé tirẹ̀ nìkan ní Òkè-Ògùn yìí.

ṢÉ ÌṢIRÒ KÌ Í ṢE IṢẸ́ OBÌNRIN?

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ogún tí ìyá náà dárúkọ. Ọkùnrin kan kú, ó fi ìyàwó kan, ọmọkùnrin méjì àti ọmọbìnrin kan sílẹ̀. Àwọn òbí rẹ̀ ti ṣáájú rẹ̀ kú, kò sì jẹ gbèsè. Màlúù 40 ni ó ní. Nítorí pé olóògbé bímọ, ìdá kan nínú mẹ́jọ ni ti ìyàwó. Ìdá kan nínú mẹ́jọ 40 jẹ́ 5. Ó ku 35. Ọmọkùnrin kọ̀ọ̀kan yóò gba ìlọ́po méjì ti ọmọbìnrin, nítorí náà ọ̀nà márùn-ún ni a ó pín 35 sí: ọ̀nà méjì fún ọmọkùnrin kìn-ín-ní, ọ̀nà méjì fún èkejì, ọ̀nà kan fún ọmọbìnrin. Ọ̀nà kọ̀ọ̀kan jẹ́ 7. Ìyá gba 5, ọmọkùnrin kọ̀ọ̀kan gba 14, ọmọbìnrin gba 7. Ẹ ro ó pọ̀, 40 pé géérégé.

Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ màlúù 37 ni ó fi sílẹ̀ ńkọ́? Ibẹ̀ ni ẹnu ti ń wọlé. A ó fi owó dá iye lé gbogbo rẹ̀, a ó sì pín owó náà sí ọ̀nà 40. Ẹni tí kò bá mọ ìdí tí ó fi jẹ́ 40 ni a ń wá, ó lè fi àìmọ̀ jẹ ọmọ òrukàn níyà, kí ó sì rò pé òun ti ṣe ẹ̀tọ́. Mo ti rí ibi tí àwọn ọmọ ìyá kan ti di ọ̀tá ara wọn nítorí pé ẹni tí ó pín in kò mọ ìdá pín.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti òní. Ní nǹkan bí ọdún 820, ní Bàgídáàdì, nígbà Kálífà al-Ma'mun, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Muhammad ibn Musa al-Khwarizmi kọ ìwé kan lórí ìṣirò. Láti inú orúkọ ìwé náà, "al-jabr", ni àwọn òyìnbó ti rí áljẹ́brà tí àwọn ọmọ wa ń kọ́ ní girama. Láti inú orúkọ òun fúnra rẹ̀ ni wọ́n ti rí "algorithm", èyí tí í ṣe ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń ṣiṣẹ́ lónìí. Apá tí ó tóbi nínú ìwé náà, ogún pínpín ni ó dá lé. Nígbà tí ọmọ bá jókòó ti áljẹ́brà, kì í ṣe ẹ̀kọ́ àjòjì ni ó ń kọ́.

Kò sì jìnnà sí wa níhìn-ín náà. Muhammad ibn Muhammad al-Fullani al-Kishnawi, ọmọ ilẹ̀ Kàtsínà, kọ ìwé lórí àwọn onígun mẹ́rin tí a ń kọ nọ́mbà sínú wọn, tí iye wọn máa ń dọ́gba bí a bá rò wọ́n pọ̀ ní ìbú àti ní òró. Káírò ni ó kú sí ní 1741.

Ẹ wo inú ilé tiwa náà. Ahunṣọ Ìsẹ́yìn kì í ta òwú lásán. Ó ti ka fọ́nrán kí ó tó bẹ̀rẹ̀, bí ọ̀kan bá sì ṣì, ọnà aṣọ bàjẹ́. Àgbẹ̀ wa mọ igba ebè lójú. Ìyá àgbà tí kò mọ ìwé, bí ó bá ka iṣu tí ó ní "márùndínlógójì", ó ti yọ 5 kúrò nínú 40 kí ó tó lanu. Bí ó bá sì ní "àádọ́ta", 20 lọ́nà mẹ́ta ni ó ti yọ 10 kúrò nínú rẹ̀. Ta ni yóò wá sọ pé orí obìnrin kò gba ìṣirò?

Bí ẹnikẹ́ni bá ṣì ń jiyàn, ẹ sọ ti Ọ̀jọ̀gbọ́n Grace Alele-Williams fún un. Wọ́n bí i ní Warri ní 1932. Ó ka ìṣirò ní Ìbàdàn. Láti 1954 dé 1957, ìṣirò ni ó ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní Queen's School tí ó wà ní Ẹdẹ nígbà náà. Ní 1963 ó gba oyè dókítà nínú ẹ̀kọ́ ìṣirò ní Chicago, obìnrin Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó gba irú oyè bẹ́ẹ̀. Ní 1985 ó di ọ̀gá àgbà Yunifásítì Benin, obìnrin àkọ́kọ́ tí ó dé ipò náà ní Nàìjíríà. Ó dágbére fún ayé ní 2022.

KỌ́LẸ́Ẹ̀JÌ KÉKERÉ NI Ó BÍ ŃLÁ

Mo wá dé orí ọ̀rọ̀ kejì, èyí tí ó gbà mí ní ìwádìí jù. Ṣé ìwé lásán ni dìgírì kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré? Ẹ jẹ́ kí a wo bí àwọn tí a ń pè ní ńlá ti bẹ̀rẹ̀.

Fourah Bay College ní Freetown, 1827 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Ní 1876 ni ó so mọ́ Yunifásítì Durham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ sì ń gba dìgírì Durham láìkúrò ní Áfíríkà. Ní Yábà, Èkó, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣí kọ́lẹ́ẹ̀jì gíga kan ní 1934. Ìwé ẹ̀rí tirẹ̀ kì í ṣe dìgírì. Èyí bí àwọn ọ̀dọ́ Èkó nínú tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, tí wọ́n sì ń bá ìjọba fà á.

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1948, wọ́n kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti Yábà wá sí Ẹlẹ́yẹlé ní Ìbàdàn, sínú àwọn ilé tí àwọn ológun ti lò fún ọsibítù. Akẹ́kọ̀ọ́ 104 péré ni wọ́n. Ẹ̀yin ìyá, iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ṣakí lè ní ọmọ jù bẹ́ẹ̀ lọ! Dìgírì tí wọ́n ń gbà níbẹ̀, ti Yunifásítì London ni, nítorí pé kọ́lẹ́ẹ̀jì náà kò tíì ní àṣẹ láti fúnni ní tirẹ̀. Ọdún 1962 ni ó dá dúró, tí ó di Yunifásítì Ìbàdàn tí gbogbo ayé mọ̀. Ta ni ó pe ìwé àwọn tí ó kọ́kọ́ jáde níbẹ̀ ní ìwé lásán?

Ẹ rí i pé kíkéré kọ́ ni àléébù. Ohun tí ó ṣe pàtàkì ni ẹni tí ó dúró lẹ́yìn ìwé ẹ̀rí náà. Durham dúró lẹ́yìn Fourah Bay, London dúró lẹ́yìn Ìbàdàn. Lónìí, ọ̀pọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ni ń so mọ́ yunifásítì kan ní ọ̀nà kan náà. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ń kọ́ni, yunifásítì ń mójú tó ẹ̀kọ́ àti ìdánwò, orúkọ yunifásítì sì ni ó wà lórí dìgírì. Láti 2023 pẹ̀lú, òfin ti fún àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ni ti ìjọba àpapọ̀ láyè láti máa ṣe NCE àti dìgírì pọ̀.

Ẹ tún wo àwọn tí ó wà nítòsí wa. St. Andrew's tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ọ̀yọ́ ní 1896 fún títọ́ olùkọ́ ni ó di kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ni tí a pè ní Emmanuel Alayande, ní 2022 ó sì di yunifásítì ẹ̀kọ́. LAUTECH tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní 1990 ń fúnni ní dìgírì nínú ìṣirò, ó sì ti ní ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Ìsẹ́yìn. Pólì Òkè-Ògùn wà ní Ṣakí níhìn-ín, ṣùgbọ́n kí ó yé wa pé ND àti HND ni pólì ń fúnni, kì í ṣe dìgírì; ẹni tí ó bá ní ND tí ó dára lè fi wá àyè wọ yunifásítì. Àwọn Mùsùlùmí náà kò sùn: ẹgbẹ́ NASFAT dá Yunifásítì Fountain sílẹ̀ ní Òṣogbo ní 2007, sáyẹ́ǹsì sì wà lára ohun tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, Ansar-Ud-Deen sì dá Yunifásítì Summit sílẹ̀ ní Ọ̀fà ní 2015.

OHUN TÍ Ó ṢẸLẸ̀ SÍ ÈMI FÚNRA MI

Ṣùgbọ́n kí ẹ má rò pé gbogbo ibi tí ó bá gbé pátákó síta ni ó dára. Ìtìjú ni ohun tí mo fẹ́ sọ yìí jẹ́ fún mi, àmọ́ bí n kò bá sọ ọ́, ẹlòmíràn lè jìn sí kòtò kan náà.

Ní 2012, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fẹ́ ka ìṣirò. A gbọ́ pé ibì kan wà tí wọn kì í yọni lẹ́nu JAMB, tí wọ́n ń ṣe dìgírì yunifásítì kan tí ó jìnnà. Ẹ̀gbọ́n mi kó owó èlùbọ́ rẹ̀ jọ, ó ní kí n sin òun lọ, nítorí èmi ni mo mọ ìwé díẹ̀. Ilé tí wọ́n yá ni, yàrá mẹ́ta. Kò sí láàbù, kò sí ibi ìkàwé. Mo rí pátákó tí wọ́n kọ orúkọ yunifásítì sí, mo rí táì lọ́rùn ọ̀gá wọn, mo gbà. Èmi ni mo ní kí ẹ̀gbọ́n mi sanwó.

Ọdún méjì gbáko ni ọmọ náà lò níbẹ̀. Nígbà tí ó ku díẹ̀ kí wọ́n kó wọn lọ ṣe ìdánwò, ó lọ béèrè ní yunifásítì náà fúnra rẹ̀. Wọ́n ní àwọn kò mọ ibẹ̀ rí. Ó padà wálé, ó jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, kò sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ẹ̀gbọ́n mi kò bá mi jà. Ìbá sàn fún mi bí ó bá jà.

Ọmọ náà ni ó ń tù mí nínú. Ó ní, "Bàbá Àlùfáà, ẹ má banú jẹ́ mọ́. Ìṣirò tí mo kọ́ níbẹ̀ kò sọnù, ọdún ni ó sọnù." Ó tún JAMB ṣe, ó wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ni kékeré kan tí ó jẹ́ ojúlówó, ó fi ọdún mẹ́ta gba NCE nínú ìṣirò àti físíìsì. Ó fi NCE náà wọ ọdún kejì ẹ̀kọ́ dìgírì. Ó sin ilẹ̀ bàbá rẹ̀, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọ ní iléèwé girama kan ní Òkè-Ògùn lónìí. Kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré méjì ni ó wà nínú ìtàn yìí: ọ̀kan jẹ owó wa, ọ̀kan sọ ọmọ wa di èèyàn. Ìwádìí ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀, owó ìwádìí náà kò sì ju owó ọkọ̀ lọ.

ÌBÉÈRÈ MẸ́RIN KÍ Ẹ TÓ SANWÓ

Èkíní: Ta ni ó ni dìgírì náà? Bí kọ́lẹ́ẹ̀jì bá ní òun so mọ́ yunifásítì kan, ẹ béèrè lọ́wọ́ yunifásítì náà gan-an. Ẹ má gba ẹ̀rí ẹni tí ń tajà lórí ọjà ara rẹ̀.

Èkejì: Ṣé NUC fọwọ́ sí ẹ̀kọ́ náà? NUC ni àjọ tí ń bojú tó yunifásítì ní Nàìjíríà. Kò tó kí wọ́n fọwọ́ sí iléèwé. Ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń yẹ̀ wò. Bí ó bá yege pátápátá, ọdún márùn-ún ni àṣẹ rẹ̀. Bí ó bá kù díẹ̀ káàtó, ọdún méjì ni wọ́n fún un kí ó fi ṣe àtúnṣe. Èyí tí ó bá kùnà kò gbọdọ̀ gba ọmọ tuntun. NUC a sì máa kéde orúkọ àwọn yunifásítì èké.

Ẹ̀kẹta: Ṣé JAMB mọ̀ nípa rẹ̀? Ọ̀dọ̀ JAMB ni àyè ìwọlé gbọ́dọ̀ gbà kọjá, ìbáà jẹ́ dìgírì, NCE tàbí ND. Ẹni tí ó bá ní "Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu JAMB", ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì máa lọ. Orúkọ tí kò sí lọ́dọ̀ JAMB kò ní sí lọ́dọ̀ NYSC.

Ẹ̀kẹrin: Ta ni yóò kọ́ ọmọ, kí sì ni yóò fi kọ́ ọ? Ẹ dé ibẹ̀. Ẹ wo láàbù, ṣé ohun èlò wà níbẹ̀ àbí àga lásán? Ẹ béèrè iye olùkọ́ ìṣirò tí wọ́n ní. Ẹ bá àwọn ọmọ tí ó wà níbẹ̀ sọ̀rọ̀, ẹ má bá ọ̀gá nìkan sọ ọ́.

ÈRÈ ÀTI ÀLÉÉBÙ RẸ̀

Ọdún mẹ́rin ni dìgírì ìṣirò fún ẹni tí ó bá ti JAMB wọlé, ọdún mẹ́ta fún ẹni tí ó bá fi NCE wọlé. Ní ọdún kìn-ín-ní, wọ́n á kọ́ áljẹ́brà, ìṣirò bí nǹkan ṣe ń yí padà, físíìsì àti kọ̀ǹpútà. Lẹ́yìn náà ni ọ̀nà yóò yà: òmíràn á dojú kọ ìṣirò pọ́ńbélé, òmíràn ìṣirò òǹkà tí àwọn báǹkì àti ilé adójútòfò ń lò, òmíràn á sì kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ mọ́ ọn. Ẹni tí ó bá yan iṣẹ́ olùkọ́ yóò jáde lọ kọ́ni ní iléèwé fún ìgbà díẹ̀ kí ó tó gboyè.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré ní èrè tirẹ̀. Olùkọ́ mọ orúkọ ọmọ. Bí ọmọ kò bá wá lọ́jọ́ kan, wọ́n á béèrè rẹ̀. Yàrá kì í wọ́n bí ti ìlú ńlá, ọmọ sì lè wálé kó èlùbọ́ àti gàrí. Ṣùgbọ́n n kò ní parọ́ fún yín. Ìwé lè má pọ̀ níbẹ̀, iná lè má dúró, ohun èlò láàbù lè má tó. Ọmọ tí yóò lọ ibẹ̀ gbọ́dọ̀ múra láti wá ìwé fúnra rẹ̀, kí òbí sì múra láti rà á.

Ní ti owó, ìjọba àpapọ̀ fi òfin 2024 fìdí àjọ kan tí ń jẹ́ NELFUND múlẹ̀, tí ó ń yá akẹ́kọ̀ọ́ iléèwé ìjọba lówó láìgba èlé. Ẹ̀yin òbí tí ẹ ń sá fún owó èlé nítorí ẹ̀sìn, ẹ lè wo ibẹ̀. Iléèwé ni wọ́n ń san owó ẹ̀kọ́ náà fún tààrà, kì í ṣe ọwọ́ ọmọ. Gbèsè ṣì ni o, sísan ni a ó sì san án, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí ọmọ bá ti sin ilẹ̀ bàbá rẹ̀ tí ó sì ti ríṣẹ́.

ILÉ ỌKỌ ŃKỌ́?

Ọ̀rọ̀ kẹta ni èyí, n kò sì fẹ́ fò ó. Ìgbéyàwó dára, a kò sì gbọdọ̀ fi ṣeré. Ṣùgbọ́n ta ni ó ní kí ọ̀kan pa èkejì? Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀, ó ti ṣe yìgì kí ó tó parí dìgírì. Ní ọjọ́ yìgì, níwájú àwọn ẹlẹ́rìí, a bá ọkọ sọ ọ́ pé yóò jẹ́ kí ó parí ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ọkọ gbà, ó sì mú àdéhùn náà ṣẹ. Ẹ sọ ọ́ ṣáájú, kí ó má di ìjà lẹ́yìn.

Ẹ sì ro èyí pẹ̀lú. Àwọn òbí a máa sọ pé àwọn kò fẹ́ kí ọkùnrin máa kọ́ ọmọbìnrin àwọn nìkan ní iléèwé girama. Ó dára. Níbo ni obìnrin tí yóò kọ́ wọn ní ìṣirò àti físíìsì yóò ti wá, bí a kò bá jẹ́ kí ọmọ tiwa lọ kọ́ ọ? Ẹni tí ó wá láti ibòmíràn lè fẹ́ padà sí ìlú rẹ̀. Ọmọ Ṣakí àti ọmọ Ìsẹ́yìn ni yóò dúró ti Ṣakí àti Ìsẹ́yìn.

Nígbà tí mo sọ gbogbo èyí fún ìyá náà, kò fèsì púpọ̀. Ó ní kí n kọ ìbéèrè mẹ́rin náà sínú ìwé fún òun. Lọ́sẹ̀ tí ó tẹ̀lé e, òun, ọmọ rẹ̀ àti àbúrò bàbá ọmọ, ẹni tí ó takò jù nínú ẹbí, wọkọ̀ lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì náà. Wọ́n béèrè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n sì dé yunifásítì tí ó so mọ́. Ìdáhùn bá ara mu. Nígbà tí wọ́n dé, àbúrò bàbá náà ni ó wá bá mi ní mọ́ṣáláṣí lẹ́yìn ìrun Ìṣáì. Ó ní, "Àlùfáà, wọ́n ní olùkọ́ kan níbẹ̀ fún ọmọ ní ìṣirò lójú wa, ó sì ṣe é. A ó jọ san án."

Kí Ọlọ́run fún àwọn ọmọ wa ní ìmọ̀ tí ó ṣàǹfààní, kí ó sì fún àwa òbí ní ojú tí ó ń wádìí kí ọwọ́ tó sanwó. Àmín.